Ẹ̀rọ agbóhùnsókè alágbèéká

Ẹ̀rọ agbóhùnsókè alágbèéká jẹ́ ẹ̀rọ kékeré abátìrì tí a ń fi sáàárín fóònù àti hẹ́dífóònù kí ohùn lè lágbára sí i. Àwọn tó fẹ́ràn béèsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ bíi ti agídìgbò nínú orin àpàlà, wà lára àwọn tó ń lò ó. Ohùn ìsàlẹ̀ wà láàárín nǹkan bíi 20 sí 250 Hz.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí a wò kí a tó rà á. Àkọ́kọ́ ni hẹ́dífóònù fúnra rẹ̀: èyí tí kò lè gbé béèsì jáde kò ní jèrè púpọ̀. Èkejì ni ìdíwọ́ tí iná ń bá pàdé ní ẹnu ẹ̀rọ náà, tí a ń fi ohm wọ̀n. Kò yẹ kó ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti hẹ́dífóònù lọ. Fún hẹ́dífóònù oní-32 ohm, kó má ju 4 ohm lọ, kí béèsì má baà wú láìmọ́ gaara. Ẹ̀kẹta ni bọ́tìnnì tó ń fi kún béèsì, irú èyí tó wà lára FiiO E11 ti ilẹ̀ Ṣáínà.

Ohùn tó pọ̀ jù ń ba etí jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn àgbàlagbà níyànjú pé kí wọ́n má gbọ́ ohùn 80 dB ju wákàtí 40 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.