Ìbọn Ogun Àtijọ́: Bí A Ṣe Lè Mọ Ara Rẹ̀ Gan-an

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ohun tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ ń dínkù nílé. Ìbọn àtijọ́ wà lára wọn. Ẹlòmíràn á tà á fún àwọn tó ń ra irin, ẹlòmíràn á fi sáńpépà họ ọ́ títí yóò fi máa dán. Lójú tiwa, ìtàn ni wọ́n ń họ dànù.

Ẹ jẹ́ kí a fi Snider ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà ogun Kíríjì, tí Èkìtì Parapọ̀ bá Ìbàdàn jà lágbègbè tí kò jìnnà sí wa, ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ jagunjagun gbé. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki í, ó sì máa ń pẹ́. Lẹ́yìn 1880, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ń fi Snider ránṣẹ́ sílé, gba ọ̀nà omi àti ọ̀nà Oǹdó. Ìdí ni wọ́n ti ń ki òun. Kí wọ́n tó ki ṣakabùlà kan tán, Snider á ti dún léraléra. Ó wà lára ohun tó ran Èkìtì Parapọ̀ lọ́wọ́ títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìbọn àtúnṣe ni Snider fúnra rẹ̀. Àwọn àkọ́kọ́ jẹ́ Enfield ti 1853, tí wọ́n ń ki láti ẹnu. Ní 1866, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìdí ọ̀pá wọn, wọ́n fi ìdérí tó ń ṣí sí ọ̀tún sí i, gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n Jacob Snider ará Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí 1861 lára irin pẹlẹbẹ tí òòlù ìbọn wà, ẹ má tètè sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Lára irin yẹn ni adé máa ń wà, pẹ̀lú TOWER tàbí ENFIELD. Àmì ọfà kékeré fi hàn pé ti ìjọba ni. Ṣùgbọ́n TOWER nìkan kò tó, nítorí àwọn oníṣòwò náà kọ ọ́ sára ìbọn títà. Bí ẹ bá rí ELG nínú àmì tó rí bí ẹyin, ìlú Liège ní Belgium ni wọ́n ti yẹ ọ̀pá náà wò. Snider gígùn ní òrùka irin mẹ́ta, idẹ sì ni ìbòdí igi rẹ̀ àti ohun tó yí ibi tí ìka ń fà ká. Bí irin bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣé èyí tí wọ́n pààrọ̀ wá di ìdọ̀tí ni? Rárá o. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìṣó tí alágbẹ̀dẹ rọ, igi tí wọ́n fi àdá gbẹ́, awọ tí wọ́n fi di ibi tó ya, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa ni. Ara àtilẹ̀wá ń sọ ibi tí ìbọn ti wá, àkísà rẹ̀ ń sọ ọwọ́ àwọn tó lò ó.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀tù lè ṣì wà nínú rẹ̀: ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin sì ní kí oníbọn gba ìwé àṣẹ. Ẹ má họ ọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé ẹni tó gbé e, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà ní Ọ̀wọ̀, kò jìnnà sí Ute.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé. Àṣẹ.