Ta Ló Gba Ìṣákọ́lẹ̀ Tíìnì Jos?

Tí wọ́n bá ń ka iye owó tí ohun àlùmọ́ọ́nì mú wọlé fún orílẹ̀-èdè kan, ohun tí èmi máa ń fẹ́ mọ̀ ni àpò ẹni tí owó náà wọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo tíìnì Jos.

Kí òyìnbó tó dé ibẹ̀ làwọn ará Ririwai, ní ilẹ̀ Kano, ti ń yọ́ tíìnì, tí wọ́n ń tà á fáwọn oníṣòwò. Ní 1900, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìṣàkóso lọ́wọ́ Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ George Goldie, wọ́n sì san £865,000 fún un. Ìyẹn nìkan kọ́ o. Wọ́n tún fún un ní ìdajì ìṣákọ́lẹ̀ kùsà tí wọ́n bá wà ní apá tó pọ̀ ní Àríwá, fún ọdún 99. Ẹ̀yin náà mọ ìṣákọ́lẹ̀: onílẹ̀ la máa ń san án fún. Ìgbà wo ni ilé-iṣẹ́ tó wà ní London di onílẹ̀ ní Jos?

Lever Brothers, àwọn oníọṣẹ, ra ilé-iṣẹ́ náà ní 1920, ẹ̀tọ́ ìṣákọ́lẹ̀ sì bá a lọ. Ní nǹkan bí 1950 ni ìjọba Nàìjíríà tó fi £1,000,000 rà á padà. Owó wa la fi ra ohun tó jẹ́ tiwa.

Ti àsìkò ogun Hitler ló dùn mí jù. Nígbà tí Japan gba Malaya ní 1942, tíìnì wọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ni wọ́n bá ń fipá kó àwọn àgbẹ̀ Àríwá lọ sí Jos; kó tó di pé wọ́n dáwọ́ dúró ní 1944, iye wọn ti ju 100,000 lọ. Ẹni tó bá ti dé Jos nígbà ọyẹ́ mọ òtútù ibẹ̀. Oúnjẹ ò tó, omi ò mọ́, wọ́n há mọ́ra nínú àgọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ má wulẹ̀ bi mí ohun tó máa ń tẹ̀lé irú ìyẹn. Àìsàn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ sì sá lọ. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, tíìnì ò pọ̀ sí i tó bí wọ́n ṣe rò.

Àwọn kòtò tí wọ́n gbẹ́ ti di adágún báyìí. Àwọn àgbẹ̀ ń fi omi wọn rin tòmátì lẹ́ẹ̀rùn, àwọn ọmọdé sì ń rì sínú wọn.