Concordia ti Ann Arbor: Ìtàn Ìdàpọ̀ Ilé Ẹ̀kọ́ Kan

Ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ máa ń dùn létí nígbà tí a bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kíá ni a ó ti sọ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, a ó sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwa tí a ń gbé inú ọgbà yunifásítì bi ara wa léèrè pé, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ kékeré bá wọ inú ńlá, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà yóò wà? Ìtàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọmọ ìjọ Luther, ni mo fẹ́ fi wá ìdáhùn.

Ní ọdún 1847 ni àwọn ará Jámánì tí wọ́n ti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà dá Sínọ́ọ̀dù Missouri sílẹ̀ ní ìlú Chicago. Àwọn ènìyàn yìí fẹ́ràn ìwé púpọ̀. Ibi tí wọ́n bá tẹ̀dó sí, ilé ẹ̀kọ́ kì í pẹ́ tẹ̀lé ilé ìsìn, wọn a sì máa sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Concordia, èyí tí í ṣe ìrẹ́pọ̀ ní èdè Látìn. Orúkọ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di dandan kí a máa dárúkọ ìlú mọ́ ọn kí á tó mọ èyí tí à ń wí. Méjì nínú wọn ni ó kàn wá níhìn-ín. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní Milwaukee, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní 1881, láti kọ́ àwọn ọmọkùnrin tí yóò di àlùfáà. Ní 1983 ni ó kó lọ sí Mequon, létí adágún Michigan. Èkejì ṣílẹ̀kùn ní Ann Arbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní 1963, gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì.

Ilẹ̀ tí a kọ́ ti Ann Arbor sí kì í ṣe ilẹ̀ yẹpẹrẹ. Ilẹ̀ ọlọ́lá kan ni tẹ́lẹ̀, Harry Boyd Earhart, ẹni tí ó fi òwò epo rọ̀bì di ọlọ́rọ̀. Ilé ńlá tí ó parí ní 1936 lẹ́bàá odò Huron wá di ti ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n kọ́ ilé ìsìn onígun mẹ́ta sínú ọgbà náà ní orúkọ Mẹ́talọ́kan Mímọ́. Ní 1976, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà di ọlọ́dún mẹ́rin. Ní 2001, ó ń jẹ́ yunifásítì. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í san gbèsè. Láti 1837 ni Yunifásítì Michigan ti wà ní Ann Arbor yìí kan náà, àjànàkú tí kò ṣeé wò ní ìwò fìrí, ta ni yóò sì tètè ṣàkíyèsí ẹtu tí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?

Nígbà tí ìnáwó wá le koko, Ann Arbor wojú ọmọ ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, ọdún 1813 kọ́, 2013 ni, lójú tiwa báyìí, ó di ara Yunifásítì Concordia ti Wisconsin. Adágún Michigan dá àwọn méjèèjì láàárín. Ẹni tí yóò bá fi mọ́tò lọ láti ọ̀kan sí èkejì yóò yí ìdí adágún po, yóò gba Chicago kọjá, ìrìn náà sì ju 300 máìlì lọ. Síbẹ̀ olórí kan náà, Patrick Ferry, ni ó ń darí wọn, ìgbìmọ̀ alákòóso kan náà ni ó sì ń dájọ́ lé wọn lórí.

Kí a má purọ́, ìdàpọ̀ náà so èso. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí i ní Ann Arbor, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì 2024, àwọn aláṣẹ kéde pé àìtó owó ti mú kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ ọgbà Ann Arbor gbé yẹ̀ wò. Àwọn tí ó ti kàwé jáde níbẹ̀ fárígá. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà, ìpinnu jáde: púpọ̀ nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yóò kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ láti 2025.

Àwọn kan ń sọ pé Mequon ni ó pa Ann Arbor. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn Concordia tí kò wọ abẹ́ ẹnikẹ́ni. Ti Selma ní Alabama, tí ó ti wà láti 1922, tí Rosa Young, obìnrin dúdú nì, làágùn lé lórí kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè rí ìwé kà, kógbá sílé ní 2018. Ti Portland tẹ̀lé e ní 2020, ti Bronxville ní New York sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2021. Kò dá mi lójú pé Ann Arbor ì bá pẹ́ tó wọn bí ó bá dá dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí yàtọ̀. Bí ìlú kékeré bá sá wọ inú odi ìlú ńlá nígbà ogun, wọ́n lè jẹ́ kí baálẹ̀ rẹ̀ máa dé fìlà rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu bodè ti di ti ọba. Ní 2013, orúkọ kù, ilé ìsìn onígun mẹ́ta kù. Ohun tí ó lọ ni ìgbìmọ̀ tí ó jẹ́ ti Ann Arbor nìkan. Nítorí náà, nígbà tí 2024 dé, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà jó lára jù lè bẹ̀bẹ̀, wọ́n lè kọ̀wé, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìgbìmọ̀ tiwọn tí ó lè wí pé rárá.

Eré ìdárayá dópin níbẹ̀ lẹ́yìn sáà ìwé 2024 sí 2025. Ẹ̀ka mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún kíkọ́ lójúkojú, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti iṣẹ́ ìlera, ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí ó dé lẹ́yìn ìdàpọ̀ sì wà lára wọn.