Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà ẹran àti ajá àwọn onílẹ̀ ní àríwá Kánádà

Ní àríwá Kánádà, ilẹ̀ kan ń bẹ tí wọ́n ń pè ní Sahtu. Ìlú 5 ló wà níbẹ̀: Délı̨nę, Tulita, Norman Wells, Fort Good Hope àti Colville Lake. Àwọn Dene àti àwọn Métis ló ni ilẹ̀ náà; ní 1993 ni wọ́n bá ìjọba Kánádà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí rẹ̀. Kò sí ọ̀nà mọ́tò tó ṣeé gbà látọdún dé ọdún. Èèyàn lè wọ ọkọ̀ òfúrufú, tàbí kó dúró dìgbà òtútù, tí odò bá dì gbagidi tí mọ́tò ń gba orí yìnyín kọjá.

Ajá pọ̀ níbẹ̀. Òmíràn ń ṣọ́ ilé, òmíràn ń fa ọkọ̀ orí yìnyín. Ṣùgbọ́n kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ onírun funfun ń gbé àrùn dìgbòlugi, èyí tí a mọ̀ sí la rage, kiri ilẹ̀ òtútù yẹn. Bó bá bu ajá jẹ, tí ajá náà wá bu ọmọ jẹ, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí, torí pé tí àmì àrùn yìí bá ti yọ lára èèyàn, kò sí oògùn tó ń wò ó mọ́.

Yunifásítì Calgary, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹran ní 2008, máa ń rán àwọn tó wà ní ọdún ìparí lọ síbẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Wọ́n ń yẹ ajá wò, wọ́n ń gún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n ń fún un ní oògùn aràn. Wọ́n tún ń wọ lékọ́ọ̀lù lọ bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀ nípa ajá.

Ẹ lè bi wá pé, kí ló dé tí ìjọba kò kàn pàṣẹ? Wọ́n ti pàṣẹ rí níbòmíràn. Ní Nunavik, ilẹ̀ àwọn Inuit ní Québec, tó jìnnà sí Sahtu, àwọn ọlọ́pàá àti aláṣẹ yìnbọn pa ajá àwọn èèyàn ní nǹkan bí 1950 sí 1970. Ajá wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ń rìn, òun ni wọ́n fi ń ṣọdẹ. Oṣù kọkànlá 2024 ni ìjọba Kánádà ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì, pẹ̀lú owó mílíọ̀nù 45 dọ́là. Ẹni tí wọ́n pa ajá bàbá rẹ̀, ṣé ó máa yára ṣílẹ̀kùn fún àlejò tó mú abẹ́rẹ́ dání?

Ohun tó wù wá jù ni pé ìjọba Northwest Territories ń kọ́ àwọn ará ìlú fúnra wọn láti gún ajá ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Akẹ́kọ̀ọ́ á padà sílé, aládùúgbò yẹn ò lọ ibì kankan. Ó jọ àwọn vaccinateurs villageois tó ń gún adìẹ wa.

La rage wà ní Bẹ̀nẹ̀ náà, ajá ló sì ń kó o ran èèyàn jù. Àjọ ìlera àgbáyé ní tí a bá gún ajá 70 nínú 100, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà tàn mọ́. Tí ajá bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bí egbò ọ̀hún tilẹ̀ kéré. Ẹ má fi ata tàbí ewé sí i.