Eré Ìdárayá Ilé-Ìwé àti Bí Ọmọ Ṣe Ń Mira Tó

Eré ìdárayá ilé-ìwé kó ẹ̀kọ́ ìdárayá, eré ìrọ̀lẹ́ àti ìdíje ilé-sí-ilé pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe ohun tó ń mú èémí yára fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ní ìpíndọ́gba. Ìwádìí tí àjọ náà gbé jáde ní 2019 láti orílẹ̀-èdè 146 fi hàn pé nínú akẹ́kọ̀ọ́ 100 tó wà láàárín ọdún 11 sí 17, 81 ni kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Tàwọn ọmọbìnrin tilẹ̀ burú jù: 85 ni.

Ilé-ìwé lè dín iye yìí kù, àmọ́ iye ọmọ tó ń sáré ló ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe iye ife-ẹ̀yẹ tó wà lọ́fíìsì ọ̀gá. Nínú ìdíje ilé-sí-ilé nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n ti ṣa àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yíyá kí ọjọ́ tó pé. Àwọn yòókù á wọ aṣọ aláwọ̀ ilé wọn, wọ́n á yan kọjá níwájú àlejò, wọ́n á sì jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Ọmọ tí ìdárayá ì bá ṣe lóore jù ló ń jókòó yẹn. Àwọn kan ti gbé e gba ọ̀nà mìíràn: ní 2012, ní ilé-ìwé St Ninians nílùú Stirling, ní Scotland, ọ̀gá ilé-ìwé náà, Elaine Wyllie, ní kí gbogbo ọmọ máa fi ìṣẹ́jú 15 sáré tàbí rìn lójúmọ́, tàwọn taṣọ ilé-ìwé lọ́rùn, láìsí pé ẹnì kan gba ipò kìíní. Ìwádìí ọdún 2018 rí i pé ó fi bí ìṣẹ́jú 9 kún ìmira tó ń mú èémí yára lójúmọ́. Ilé-ìwé méjì péré ni wọ́n fi wéra, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 9 fún gbogbo kíláàsì kì í ṣe nǹkan kékeré.

Àtakò wà sí èrò pé ilé-ìwé lè mú kí ọmọ mira sí i, ó sì wúwo. Àkójọ ìwádìí 89 lórí ètò ìdárayá ilé-ìwé, tí àjọ Cochrane gbé jáde ní 2021, kò rí èrè tó pé ìṣẹ́jú kan lójúmọ́. Àmọ́ àwọn ètò tí wọ́n pò pọ̀ níbẹ̀ yàtọ̀ síra gan-an, àbọ̀ rere kan sì lè sọnù sáàárín wọn. Ìwádìí kan láti Plymouth, ní 2003, le jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdárayá fún wákàtí 9 lọ́sẹ̀ nílé-ìwé kò mira ju àwọn tí tiwọn kò tó wákàtí 2 lọ, torí àwọn wọ̀nyí ń ṣeré tiwọn lẹ́yìn ilé-ìwé. Àmọ́ ìyẹn dìgbà tí ọmọ bá ní àyè láti ṣeré lẹ́yìn ilé-ìwé. Ọmọ Èkó tó ti lẹ́sìnnì bọ̀ ní aago mẹ́fà, tí iwájú ilé wọn jẹ́ kìkì ọkọ̀ àti ọ̀kadà, kò rí àyè yẹn. Ìṣẹ́jú tí ilé-ìwé bá fún un ló ní.