Púùlù Lẹ́yìn Odi Ìbàdàn

Èkó ní pápá eré ẹṣin láti 1859, kí wọ́n tó kọ́ Tafawa Balewa Square síbẹ̀ ní 1972. Àmọ́ lẹ́yìn odi Ìbàdàn, púùlù, ìyẹn tẹ́tẹ́ èsì bọ́ọ̀lù, ló bá àwọn àgbẹ̀ Akínyẹlé àti Lágelú nílé.

Bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ta á. Bí sáà rẹ̀ bá parí, ti Ọsirélíà ló kàn. Ilé-iṣẹ́ púùlù Littlewoods ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Liverpool, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1923.

Ẹni tó ń ta á fún fàájì á mú nọ́ńbà tó rí lójú àlá. Ògbólógbòó ní tirẹ̀ ń tọ́jú ìwé èsì ọlọ́dọọdún, ó ń ṣọ́ ọ̀mì, ó sì mọ ọ̀sẹ̀ tó yẹ kóun má ta rárá. Ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ púùlù ti ṣírò èrè tirẹ̀ mọ́ ọn kó tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.