Wíwá àlàyé àṣẹ nínú ordinateur láìsí íntánẹ́ẹ̀tì

Bí réseau bá lọ ní Gouka, àlàyé ṣì wà nínú ordinateur tó ń lo Linux. Láti 1971 tí ìwé ìlò Unix àkọ́kọ́ ti jáde ni wọ́n ti ń kọ irú rẹ̀.

Ẹ ṣí terminal, ẹ kọ man rm, ẹ tẹ Entrée. Ẹ tẹ q láti jáde. Inú bash fúnra rẹ̀ ni cd wà: help cd ni kí ẹ kọ. Bí ẹ ò bá rántí orúkọ àṣẹ, ẹ kọ man -k pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan. Lórí Debian, manpages-fr á fi Faransé ṣàlàyé. Ẹ gbà á sílẹ̀ nígbà tí réseau wà.

A máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé: ẹ kà á kí ẹ tó lo rm. Fichier tí rm bá pa rẹ́ kì í lọ sínú corbeille. Ó lọ nìyẹn.